Ìwé Òfin Tí Aládùúgbò Mi Mú Wá

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, aládùúgbò mi tó ń din gààrí lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó mú ìwé pélébé kan wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìlera sì ti pín òfin kíláàsì fún wọn pé kí òbí kà á, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan yé e: kí ọmọ gé èékánná, kó ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kó mú aṣọ eré ìdárayá wá lọ́jọ́ tó bá kàn wọ́n. Àwọn kan kò yé e rárá. Kí ló dé tí wọ́n fi ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pe orúkọ ẹ̀yà ara? Irú ọ̀rọ̀ àṣírí wo ló wà nínú kíláàsì ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n fi ní ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde? Kí sì ni tíṣà fẹ́ fi jẹ́nótáìpù ọmọ òun ṣe? Ibi tí wọ́n ní kó kọ ìyẹn sí, òfìfo ló fi í sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe tíṣà rí,” ó ní. “Ẹ là á yé mi.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Mo fún un ní ìjókòó, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn òbí mìíràn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ wọn.

Nígbà tí àwa wà ní kékeré, ìmọ́tótó ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Tíṣà á tò wá sórí ìlà láàárọ̀, á yẹ eyín, irun àti èékánná wa wò. Ẹ̀rù tó máa ń bà wá jọ ẹ̀rù wolé-wolé tó ń yọjú sí agboolé àwọn òbí wa láti wo inú àmù àti ilé ìyàgbẹ́. Ó gbẹ̀mí là, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n àṣẹ ló pọ̀ nínú rẹ̀: ṣe èyí, má ṣe ìyẹn. Ti òde òní ń jẹ́ Physical and Health Education, P.H.E. lẹ́nu àwọn ọmọ. Apá kan rẹ̀ jẹ́ eré ìdárayá, apá kejì jẹ́ ìlera. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, wọ́n tilẹ̀ kó o pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ kan. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde lórí ìlera ọmọ ilé-ìwé, ó sì gbé e ka òpó márùn-ún: àyíká tó mọ́, oúnjẹ ọmọ, ìtọ́jú ara, àjọṣe ilé-ìwé pẹ̀lú ilé àti àdúgbò, àti ẹ̀kọ́ ìlera tí ọmọ yóò máa lò, tí kò ní jẹ́ àkọ́sórí lásán. Kíláàsì tí ọmọ yín wọ̀ ni òpó ìkarùn-ún yẹn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín sì ni ìkẹrin: ilé-ìwé ló ń kan ilẹ̀kùn yín.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí àwọn òfin tó rọrùn. Aṣọ eré wà nítorí pé ọmọ kò lè fi yúnífọ́ọ̀mù tí òógùn ti mu jókòó di aago méjì ọ̀sán. Ọmọ á bọ́ yẹtí sílẹ̀ nítorí pé níbi eré, ọwọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lè kọ́ ọ, kí etí ya. Á wọ bàtà kánfáàsì nítorí ìgò fífọ́, àti nítorí aràn kan tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara láti inú erùpẹ̀ tí ìgbẹ́ bá wà. Bí owó kánfáàsì kò bá sí, ẹ sọ fún tíṣà. Ẹ má tìtorí bàtà dá ọmọ dúró sílé.

Ìlà tí ẹ fi sílẹ̀ lófìfo yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé.

Nínú jẹ́nótáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè yìí ló jẹ́ AS. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó gbé irúgbìn àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní lè di ọmọ SS, lọ́nà kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ wa kún fún àwọn hóró kéékèèké tó rí rìbìtì. Ti ọmọ SS a máa tẹ̀ bíi dòjé. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, bí òtútù bá mú un, tàbí bó bá sáré kọjá agbára rẹ̀, àwọn hóró tó tẹ̀ yìí á há sínú iṣan, wọ́n á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, eegun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún un.

Mo rántí ọmọkùnrin kan. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ yẹn, mo sì ní kí kíláàsì sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà bá wọn bẹ̀rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ. Níbi ìyípo kejì ló ti ṣubú. A sáré gbé e dé ilé-ìwòsàn, ó yè, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní ọdún méjì. Kò sọ fún wa nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á máa fi ojú àbíkú wo ọmọ òun. N kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ kankan kò sáré lórí pápá mi mọ́ kí n tó mọ irú ara tó gbé wá.

Ọmọ SS kò níláti máa jókòó sábẹ́ igi wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò bá wọn ṣeré, yóò mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín eré, yóò sinmi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè ìdí. Ọmọ tí ásímà ń dà láàmú náà, kí òògùn tó ń fín sí ọ̀fun wà nítòsí rẹ̀ lórí pápá, kó má ṣe wà nínú àpò tó fi sílẹ̀ ní kíláàsì. Ohun tí tíṣà fẹ́ fi jẹ́nótáìpù àti irú ọ̀rọ̀ ìlera bẹ́ẹ̀ ṣe nìyẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé náà yóò wà, kò sì gbọdọ̀ kà á sétí ìgbọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku òfin ẹ̀rín.

Àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ í bò. A kì í ṣàdédé la ẹnu pe ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Nǹkan oṣù la ń sọ, tàbí ká ní àlejò dé. Ojú ara la ń sọ, tàbí ká kàn ní “ìsàlẹ̀”. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì dára láàárín àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò tíì mọ ibi tí ọ̀wọ̀ parí sí tí ìtìjú ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “ìsàlẹ̀” ni gbogbo ohun tó wà láti ìdodo dé itan ń jẹ́, báwo ni yóò ṣe yé nọ́ọ̀sì pé ibi tí òun ti ń tọ̀ ló ń ta òun, pé kì í ṣe inú ló ń run òun? Báwo ni yóò ṣe sọ ibi tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án fún ìyá rẹ̀?

Nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà. Bí mo bá kọ orúkọ ẹ̀yà ara sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì á pa rọ́rọ́, wọ́n á máa dà á kọ. Bí mo bá pè é ní Yorùbá, ilé á dà rú. Gẹ̀ẹ́sì kì í gún wọn lára, ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni lójú wọn. Yorùbá ló ń kan ara wọn gan-an. Nítorí náà mo máa ń pè é ní èdè méjèèjì, torí ọmọ tó bá mọ orúkọ ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní lè fi sọ ohun tó ń ṣe é fún ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ. Mo máa ń jẹ́ kí gbogbo kíláàsì jọ pè é, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ẹ̀rín á fi tán lẹ́nu wọn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ yẹn kò burú, ìtìjú ló ń bá a jáde. Ẹ̀rín tí òfin ń kọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń nàka sí ẹnì kan: ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń ṣẹ́ bó bá ń kàwé, ọmọbìnrin tí ọyàn rẹ̀ ṣáájú ti ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Mo ti rí ọmọbìnrin tí àbàwọ́n yọ lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní àárín kíláàsì. Bí ẹyọ ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn kò ní wá mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, bó bá sì di oṣù tó ń bọ̀, á ti máa wá àwáwí sílẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ mi ni páàdì àti súwẹ́tà kan máa ń wà, ọmọbìnrin tó bá sì ti gbé ojú sókè wò mí lọ́nà kan báyìí, kò níláti sọ̀rọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ohun kan náà ló bí òfin pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní páálí kan tí a lu ojú rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló máa gba bébà, gbogbo wọn ló máa kọ nǹkan sí i láìkọ orúkọ, kódà kí ẹni tí kò ní ìbéèrè kọ “mi ò ní ìbéèrè”. Bí gbogbo wọn bá kọ, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tó béèrè. Tíṣà á kọ́kọ́ kà wọ́n nílé, á wá dáhùn wọn lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ bá sì fẹ́ sọ ìtàn, kò gbọdọ̀ dárúkọ. “Ẹnì kan tí mo mọ̀” ni yóò sọ.

Níbí ni aládùúgbò mi ti dá mi dúró. “Ṣé kí ọmọ mi wá máa ka ọ̀rọ̀ ilé wa sílẹ̀ níbẹ̀ ni?”

Òfin yìí gan-an ló ń ṣọ́ ilé yín. Òun ni kò jẹ́ kí ọmọ dìde láàárín ogójì ènìyàn kó ní bàbá òun mutí wọlé lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àṣírí yìí kò dé. Bí ọmọ bá sọ fún tíṣà pé ẹnì kan ń fọwọ́ pa òun lára, pé wọ́n ń nà òun ní ìnà tó ń dá egbò sí òun lára, tàbí pé ó ń ṣe òun bíi kí òun pa ara òun, tíṣà kò gbọdọ̀ bò ó. Ó gbọ́dọ̀ fi tó ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ létí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí tíṣà ti sọ èyí fún àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó ju bébà sínú páálí. Tíṣà tó bá ṣèlérí pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé ti purọ́ fún ọmọ náà, ọmọ á sì mọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́.

Ìbéèrè tí mo ti ń retí ló wá tẹ̀ lé e. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé wọn ò ní fi kọ́ ọmọ òun ní ìṣekúṣe?

Kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀rù yìí ń bà. Ní 1999 ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀. Ìlànà rẹ̀ jáde ní 2001, Action Health Incorporated, ẹgbẹ́ kan ní Èkó, sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Orúkọ náà kò dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú. Ní 2003 wọ́n tún un ṣe fún JSS, wọ́n sì pè é ní Family Life and HIV Education. Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ gidi mú un. Ní 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, tún pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìlànà àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀, pé ẹ̀sìn àti òbí ló ni ín.

Èmi náà gbà pé òbí ló ni ín. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwa òbí ń sọ. “Bí ọkùnrin bá fi lè fọwọ́ kàn ọ́, wàá lóyún.” Ọmọ gbà á gbọ́. Ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan fi èjìká kàn án lójú ọ̀nà Àtìkòrì nílùú wa níbí. Ó ń ka ọjọ́, oyún kò dé. Kí ni yóò rò? Pé irọ́ ni gbogbo ohun tí màmá sọ, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́. Nínú páálí mi, ìbéèrè yìí kì í wọ́n: ṣé bíbọ ọwọ́ ọkùnrin máa ń fúnni lóyún? Ọmọ tó kọ ọ́ kì í ṣe oníṣekúṣe. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì rí ẹni bi. Ohun tí kíláàsì ń sọ fún un ni bí ara ọmọbìnrin ṣe ń yí padà, bí oyún ṣe ń wáyé ní ti gidi, bí kòkòrò HIV ṣe ń ràn àti bí kì í ṣe é ràn, àti bí yóò ṣe sọ pé “rárá” kó sì rìn kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Mo rán an létí abẹ́rẹ́ ti 2023. Ní oṣù October ọdún náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ń dènà kòkòrò tí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àhesọ gba ìgboro pé abẹ́rẹ́ náà kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ bí. Ẹni tó ti kọ́ nínú kíláàsì ohun tí ilé ọmọ jẹ́, ibi tí ẹnu rẹ̀ wà àti bí kòkòrò ṣe ń dé ibẹ̀ ni àhesọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé lọ. Àwa òbí tí a kò kọ́ ọ rí ló gbé wa lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé náà tún kọ ọ́ lóminú: kí ọmọ kọ gbogbo ohun tó jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gààrí láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́. Ojú tì í. Mo ní kó má tijú, torí ẹnikẹ́ni kò ní kà á sókè, òótọ́ tí ọmọ bá sì kọ ni tíṣà ń fún ní àmì, kì í wo oúnjẹ olówó ńlá. Mo wá bi í léèrè: kí ló dé tí ẹ fi ń fi ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó din ín? Ó ní kó lè kan ni, gààrí Ìjẹ̀bú tí kò kan kì í ṣe gààrí. Òótọ́ ni. Àmọ́ májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é. Rírin, kíkan, fífún àti dídín ló ń lé e jáde, ẹni tó bá sì ń kánjú gé ọjọ́ kù ń ta ewu. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ rẹ̀, òun gan-an lè wá dúró níwájú kíláàsì náà. Ohun tí ìwé oúnjẹ yóò fi hàn ni pé gààrí ń fún ọmọ lágbára, pé kò tó láti mú un dàgbà. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja kékeré, ẹyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nyí ló kù.

Mo tún kìlọ̀ fún un pé ọmọ yóò máa mú ọ̀rọ̀ bọ̀ nílé. Bí agbada gààrí bá jó yín lọ́wọ́ tí ẹ na ọwọ́ sí epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín, ó lè ní kí ẹ má fi sí i, kí ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn lé e fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ejò bá bu bàbá kan nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń gé gẹdú, ó lè ní kí wọ́n má fi abẹ kọ ibẹ̀, kí wọ́n má dè é pinpin, kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sílé-ìwòsàn. Òótọ́ ló sọ. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà: lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tíṣà wa sọ pé…” Ẹ má fi ìbínú pa á lẹ́nu mọ́.

Òfin òògùn kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ mú òògùn wá fún ọ̀rẹ́, kódà parasítámọ́ọ̀lù. Ìjọba fi òfin de òògùn ikọ́ oníkodíìnì ní 2018 nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó sọ ọ́ di ọtí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní àmì náà kò le: ìwé àkọsílẹ̀, eré orí pápá, ìdánwò kékeré, ìdánwò ìparí sáà, títí dé ìdánwò JSS 3 tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Júníọ̀ Wáẹ́ẹ̀kì.

Ohun kan ló kù nínú ìwé náà tí mo fi ìka sí, tí inú mi dùn sí: fífọ ilé ìyàgbẹ́ kì í ṣe ìjìyà, gbogbo ọmọ ni yóò máa yípo ṣe é. Tai Solarin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Molusi College nílùú wa yìí ní 1952 lọ dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ àti oko jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ọmọ. Ilé-ìwé tó bá ń fi ìgbálẹ̀ jẹ ọmọ níyà ti kọ́ ọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń tún ilẹ̀ ṣe. Bó bá dàgbà, kò ní tún un ṣe mọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó wá padà sí ìlà òfìfo yẹn. Bàbá ọmọ ní AA ni òun, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó fi hàn. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe àyẹ̀wò rí. Ó kọ “a máa ṣe é ní Mọ́ńdè” síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, ó sì bi mí bóyá ó yẹ kí òun náà fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Mo ní kí wọ́n jọ lọ.